Python, JavaScript, Java tàbí C: Ìfiwéra fún Ẹni tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ sí í Kọ Kóòdù ní Èkó

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kóòdù, yálà akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Akoka tàbí oníṣòwò ní Balógun, ni pé èdè kọ̀ǹpútà wo ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n ń fún un kì í sábà bára mu, nítorí pé olúkúlùkù ló ń dárúkọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi ń jẹun. Èdè mẹ́rin tí a máa ń dárúkọ jù ni mo fẹ́ fi wéra níbí, èyíinì ni Python, JavaScript, Java àti C. Kì í ṣe òkìkí wọn ni mo fẹ́ fi wọ̀n wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ wò jù ni bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń bá olùbẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ṣe àṣìṣe. Lójú tèmi, òun ló ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní Èkó ló ń dá kọ́ iṣẹ́ yìí lóru lẹ́yìn tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, pẹ̀lú dátà tí a ń ṣọ́ ná, láìsí olùkọ́ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí kóòdù bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ní agogo mọ́kànlá òru, èdè yẹn nìkan ló wà níbẹ̀ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi dá èdè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ṣì hàn nínú ìwà rẹ̀ títí dòní. Dennis Ritchie ṣe C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí wọ́n lè fi kọ Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Èdè tó sún mọ́ ẹ̀rọ pẹ́kípẹ́kí ni, ó sì gbà pé ẹni tó ń lò ó mọ ohun tó ń ṣe. Guido van Rossum, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, gbé Python jáde ní 1991, ó sì fẹ́ kí kóòdù rọrùn láti kà fún ẹni tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ní 1995 ni Brendan Eich ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́ JavaScript ní iléeṣẹ́ Netscape láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kí ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù lè máa dá ẹni tó ń wò ó lóhùn. Ọdún 1995 yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ Sun Microsystems gbé Java jáde, èyí tí James Gosling ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí orúkọ tàn án: Java àti JavaScript kì í ṣe ọmọ ìyá, ẹni tó bá kọ́ ọ̀kan kò tíì kọ́ èkejì.

Ìwé alájọ

Ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ kan ṣoṣo síwájú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alájọ kan ní Tejúoṣó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣírò owó oníbàárà. Yóò tẹ iye tó ti wà nílẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tòní kún un. Olùbẹ̀rẹ̀ tó ń lo JavaScript lè kọ ọ́ báyìí:

    let owo = prompt("Èló ló wà nílẹ̀?");
    let apapo = owo + 500;
    alert(apapo);

Ẹni tó ń lo Python yóò kọ èyí:

    owo = input("Èló ló wà nílẹ̀? ")
    apapo = owo + 500
    print(apapo)

Àṣìṣe kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ohunkóhun tí ènìyàn bá fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ báyìí, bí ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń gbà á, kì í gbà á bí nọ́ńbà, àfi bí a bá sọ fún un pé kó sọ ọ́ di nọ́ńbà. Bí alájọ bá tẹ 5000, JavaScript yóò so ọ̀rọ̀ náà mọ́ 500, yóò sì gbé 5000500 síta láìbéèrè ohunkóhun. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà oníbàárà ti di mílíọ̀nù márùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kọ̀ǹpútà kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó tún wá mú un le ni pé, bí alájọ bá fẹ́ yọ owó kúrò dípò kó fi kún un, JavaScript yóò sọ ọ̀rọ̀ náà di nọ́ńbà fúnra rẹ̀, yóò sì dáhùn 4500, èyí tó tọ̀nà. Olùbẹ̀rẹ̀ tó bá kọ́kọ́ dán ìyọkúrò wò yóò gbà pé iṣẹ́ òun pé, ó sì lè pẹ́ kó tó mọ̀ pé ìròpọ̀ ti ń ba ìwé òun jẹ́.

Python kò ní gbà. Ní ìlà kejì ni yóò ti dúró, yóò sì kọ ọ́ síta pé "TypeError: can only concatenate str (not "int") to str", yóò dárúkọ ìlà tí ó ti dúró, yóò sì fi ìlà náà hàn. Lóòótọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì dán. Síbẹ̀ ohun mẹ́ta tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò ló wà nínú rẹ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, irú nǹkan tó wà níbẹ̀, àti irú nǹkan tí kò lè dàpọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá yí ìlà náà padà sí int(owo) + 500 ti yanjú rẹ̀, á sì ti mọ̀, títí ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni nọ́ńbà. Nínú JavaScript, Number(owo) + 500 ni àtúnṣe rẹ̀. Kò le rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́ kò ní wá àtúnṣe kiri.

Java le ju Python lọ ní ibí yìí. Kó tó di pé ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá ni kọ̀ǹpáílà, ẹ̀rọ tó ń yẹ kóòdù wò tó sì ń yí i padà sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò, yóò ti sọ pé a kò lè fi ọ̀rọ̀ sí ibi tí a ti ṣèlérí nọ́ńbà. Ẹ̀kọ́ gidi ni èyí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wàhálà ibẹ̀ ni pé, kí olùbẹ̀rẹ̀ tó lè kí ènìyàn pé "Ẹ káàbọ̀" ní Java, gbólóhùn gígùn kan wà tí yóò kọ́kọ́ dà kọ, public static void main(String[] args), láìmọ ìtumọ̀ ọ̀kankan nínú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí kò tíì kà. Java 25, tó jáde ní 2025, ti dín ẹrù yìí kù gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé àti fídíò tí olùbẹ̀rẹ̀ yóò bá pàdé ṣì ń lo ti àtijọ́.

Ní ti C, ó máa ń dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Láti gba owó lọ́wọ́ alájọ, a óò kọ scanf("%d", &owo). Àmì & kékeré yẹn ń sọ ibi tí owó yóò wà nínú mẹ́mọ́rì. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ lè rí ìkìlọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpáílà, tàbí kí ètò náà kú lójijì láìsọ ìdí. Bí oníbàárà bá sì tẹ lẹ́tà dípò nọ́ńbà, owo yóò kàn dúró bó ṣe wà tẹ́lẹ̀; bí a kò bá fi nǹkan kan síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pàǹtírí tó wà nínú mẹ́mọ́rì ni a óò máa ṣírò.

Nígbà tí owó bá pọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ètò fún ọlọ́jà ní Èkó yóò pàdé ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀. Nínú Python, JavaScript àti Java, bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, yóò dáhùn 0.30000000000000004, nítorí pé kò lè tọ́jú irú ìdá bẹ́ẹ̀ ní pípé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń ka owó ní kọ́bọ̀, láìsí ìdá kankan. Ní kọ́bọ̀ ni Paystack, iléeṣẹ́ ìsanwó tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2015, ń fẹ́ kí kóòdù wa fi iye owó ránṣẹ́ sí òun.

Níbí ni ìyàtọ̀ mìíràn ti yọjú. Nọ́ńbà tí Java ń pè ní int kò lè kọjá 2,147,483,647. Bí a bá ka á ní kọ́bọ̀, ó di náírà mílíọ̀nù mọ́kànlélógún àti díẹ̀. Owó yìí kì í ṣe ohun bàbàrà mọ́ fún ẹni tó ń ta aṣọ ní ọ̀pọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Ní ọjọ́ tí àpapọ̀ ọjà rẹ̀ bá kọjá ibẹ̀, Java kò ní pariwo, iye náà yóò kàn yí padà di gbèsè, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. A ní láti mọ̀ ṣáájú kí a lo long, irú nọ́ńbà tó gba iye tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. C ní ààlà kan náà lórí kọ̀ǹpútà tí a ń lò lónìí, kò tilẹ̀ ṣe ìlérí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá kọjá rẹ̀. JavaScript ń ka nọ́ńbà láìṣìnà títí dé 9,007,199,254,740,991, èyí tó tó ọlọ́jà kankan lò. Python kò ní ààlà: bí nọ́ńbà ṣe ń gùn sí i ni yóò máa wá àyè fún un, àfi bí mẹ́mọ́rì bá tán.

Lẹ́tà wa

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdánwò kan kún un tí àwọn ìwé òyìnbó kì í ṣe, tó sì kan ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ oníbàárà bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà "ọ́". Lẹ́tà ọ àti àmì ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀ ni a so pọ̀. Bí a bá bi Python, JavaScript tàbí Java léèrè bí ọ́ ṣe gùn tó, wọn yóò ní 2, tàbí 3 bí kíbọ́ọ̀dù tí a lò bá ya àmì abẹ́ sọ́tọ̀. Bí a bá fi strlen, àṣẹ tí C fi ń wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó, bi C lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo UTF-8 (ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà), yóò ní 5, nítorí báìtì, ẹyọ kékeré tí a fi ń wọn mẹ́mọ́rì, ló ń kà, kì í ka lẹ́tà. Ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni pé orúkọ kan náà tí àwọn akọ̀wé méjì fi kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ̀ lè má bára mu nígbà tí a bá ń wá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kò rí ìyàtọ̀ kankan. Python, JavaScript àti Java ní ohun èlò tó ń tún èyí ṣe, ó sì bá wọn wá láti ilé. Ìpìlẹ̀ C kò ní irú rẹ̀, a ní láti lọ wá a níta.

Fóònù, láptọ́ọ̀pù, dátà àti iná

Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ń ti ìpinnu yìí síhìn-ín sọ́hùn-ún ju bí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn ṣe ń gbà lọ. JavaScript ló fúyẹ́ jù lórí láptọ́ọ̀pù: bùráúsà Chrome tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó, a kàn máa tẹ F12, a óò sì rí ibi tí a ti lè kọ kóòdù tí yóò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, láìwa ohunkóhun sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Python fún Windows kò tó 50MB, ibi ìkọ̀wé kékeré tó ń jẹ́ IDLE sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí fóònù Android nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi áàpù Pydroid 3 kọ Python, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí dátà bá tán. Ó lè fi áàpù Termux kọ C náà. Fún JavaScript lórí fóònù, yóò nílò áàpù ìkọ̀wé kan, yóò sì máa ṣí ojú-ewé tó kọ nínú Chrome. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àyè tí bùráúsà ti ń sọ àṣìṣe síta kò sí ní àrọ́wọ́tó lórí fóònù bó ṣe wà lórí láptọ́ọ̀pù, èyí sì mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ JavaScript burú sí i.

Java fúnra rẹ̀ kò wúwo púpọ̀. Android Studio tí àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ sí nítorí àtiṣe áàpù fóònù ló wúwo: ó ju 1GB lọ láti wà sílẹ̀, Google sì ń béèrè 8GB RAM (mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), ó kéré tán. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà sábà máa ń jẹ́ 4GB. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá àyè wà láti fi RAM kún un. Ẹ yọ ṣájà rẹ̀ kúrò, kí ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ níwájú yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò wúlò fún ẹni tó ń fi alẹ́ kọ́ iṣẹ́ ní àdúgbò tí iná kì í dúró. IDLE tàbí ibi ìkọ̀wé lásán kì í jẹ bátìrì púpọ̀. Android Studio a máa gbé e mì.

Ta ló wà nítòsí, iṣẹ́ wo lẹ sì ń wá?

Yábàá ní àǹfààní kan tí a kì í lò tó. Láàárín ìrìn kékeré, ènìyàn lè kọjá Yabatech tó ti wà láti 1947, kó dé Unilag tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kó sì dé Co-Creation Hub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò kan bá wà tó gbà láti máa yẹ kóòdù yín wò ní ọjọ́ Sátidé, èdè tí ẹni yẹn mọ̀ dáadáa ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ C. Olùkọ́ tó wà nítòsí ń bo gbogbo àléébù tí mo ti kà sílẹ̀ lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ èdè. Bákan náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ ní yunifásítì ti yan Java tàbí C kò gbọ́dọ̀ sá fún un lọ sí òmíràn, torí yóò pàdé rẹ̀ nínú ìdánwò, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà yóò sì máa bá a kọ́ ọ.

Bó bá jẹ́ pé owó tètè ń wọlé ni ẹ ń lé, kí ọlọ́jà lè rí ohun tí ẹ ṣe lórí fóònù rẹ̀ kó sì sanwó, JavaScript ló yẹ yín, bí ẹ bá lè fara da ìwà rẹ̀. Ẹ kọ́ HTML àti CSS, tí a fi ń to ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù tí a sì fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ ọ́ di àṣà láti máa fi àṣẹ console.log wo ohun tó wà nínú gbogbo orúkọ tí ẹ bá lò. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ní Marina tàbí ibòmíràn, tó jẹ́ pé Excel lẹ ń bá jà láti àárọ̀ dalẹ́, Python ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Pandas, àkójọ kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, yóò ka fáìlì Excel náà fún yín, yóò to ó, yóò sì ṣírò rẹ̀ ní ìlà mélòó kan. Java wúlò fún ẹni tó ń wo iṣẹ́ báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá, tó sì ní sùúrù. C wà fún ẹni tó fẹ́ mọ inú ẹ̀rọ gan-an, tàbí tó fẹ́ máa kọ kóòdù sínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké. Òun ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Unix, òun náà ni wọ́n fi kọ Python tí gbogbo wa ń wà sílẹ̀.

Ẹni tí kò tíì ní olùkọ́, tí kò sì tíì mọ irú iṣẹ́ tó fẹ́, Python ni mo ń sọ fún un láìṣiyèméjì, nítorí ìdí kan tí mo ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tẹnu mọ́: ó máa ń dúró, ó sì máa ń sọ ibi tí ó ti dúró. JavaScript lè tẹ̀ lé e. Nígbà yẹn, ẹni náà ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà, 5000500 kò sì ní bá a lójijì.

Àwọn èdè mìíràn tí ẹ óò máa gbọ́ kò nílò àlàyé gígùn. PHP ni WordPress, ohun èlò tí a fi ń kọ́ ojú-òpó wẹ́ẹ̀bù, ń lò, ó sì dára fún ẹni tí iṣẹ́ WordPress ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Google ti fi èdè Kotlin ṣíwájú fún áàpù Android láti 2019, torí náà ẹni tó ń lọ sí Java nítorí áàpù fóònù nìkan lè kúkú lọ sí Kotlin tààrà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 8GB yẹn ṣì wà níbẹ̀. Scratch, èdè àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé jáde ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ní 2007, ni ẹ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé àti fídíò tó ti pẹ́, nítorí wọ́n ń kiri láti fóònù dé fóònù, olùbẹ̀rẹ̀ á sì rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n kọ. Bí ẹ bá rí print tí kò ní àmì akọmọ lẹ́yìn rẹ̀, Python 2 ni, wọ́n sì ti dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2020; kò ní ṣiṣẹ́ nínú Python 3 tí ẹ óò wà sílẹ̀. Bí ìwé JavaScript bá ń lo var níbi gbogbo tí kò sì dárúkọ let, ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú 2015. Bí ìwé Java bá sì ń kọ́ yín ní applet, ètò kékeré tó máa ń ṣiṣẹ́ nínú bùráúsà, ẹ dá a padà fún ẹni tó fún yín, nítorí àwọn bùráúsà kò gba applet wọlé mọ́.